Ẹ̀yìn Obìnrin Kan Nínú Kùrukùru

Èmi ni mo ṣe alárinà fún wọn, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ má dá a lóhùn.

Léontine Vayssade ni orúkọ mi. Abúlé wa, Les Fajoux, kò ju ilé mẹ́sàn-án lọ. Orí òkè Aubrac ló wà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ rẹrẹ láìsí igi, tó jẹ́ pé koríko, òkúta àti irà nìkan lèèyàn ń rí. Ọ̀nà àwọn a-fẹsẹ̀-rìn tó ń rìnrìn àjò mímọ́ lọ sí ìlú Santiago gba iwájú ilé mi kọjá. Mo máa ń fún wọn ní ibùsùn, ọbẹ̀ gbígbóná, àti ẹ̀gbẹ́ ààrò tí wọ́n lè sá bàtà wọn sí. Wọ́n á dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á lọ láàárọ̀, ó parí nìyẹn.

Tanguy Kerbrat nìkan ni kò lọ láàárọ̀. Etí òkun Bretagne ló ti wá, ọkọ̀ ojú omi ló ń fi igi kàn níbẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé ọ̀bẹ la fi gé okùn bàtà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó jáde. Dókítà ní kó jókòó fún ọjọ́ mẹ́fà.

Noëlie, ọmọ àbúrò mi, ló máa ń gbé wàrà àti wàràkàṣì wá fún mi láràárọ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó gbé ẹrù sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó béèrè bí ẹsẹ̀ àlejò mi ṣe rí. Lọ́jọ́ kẹta, mo retí wàrà títí, mi ò rí i, ni mo bá jáde. Àwọn méjèèjì ló jókòó sórí ògiri òkúta iwájú ilé mi, garawa wàrà wà láàárín wọn, ajá Noëlie sì gbórí lé itan ọkùnrin náà. Tanguy ń béèrè lọ́wọ́ Noëlie pé ibo ló rìn dé rí lójú ọ̀nà tó gba iwájú ilé wọn yìí. Noëlie ní ibi tí ilẹ̀ bàbá òun parí sí ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Kì í ṣe àwàdà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Noëlie nígbà náà, àtìgbà tó sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò ti kọjá ibi tí ojú bàbá rẹ̀ lè tó. Ọdún yẹn ni ìyá rẹ̀ sọnù. Zélie, àbúrò mi kan ṣoṣo, jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, kùrukùru bo òkè, kò sì wọlé mọ́. Urbain Cayrol, ọkọ rẹ̀, sọ fún wa pé ọ̀dọ́ màlúù kan ló já wáyà, pé òun ló wá a lọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni àwa àti ọlọ́pàá àti ajá wọn fi wá a. A ò rí bàtà, a ò rí bọ́tìnì aṣọ. Láti ìgbà náà, bí Noëlie bá fi ìdajì wákàtí pẹ́, Urbain á ti dúró sí ẹnu géètì.

Ẹsẹ̀ Tanguy san, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó lọ. Mo rò pé ó tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà dé, orúkọ mi ló wà lára àpò ìwé, ṣùgbọ́n Noëlie ló kọ ọ́ sí. Ó ń kọ ọ́ láti gbogbo ibi tó bá sùn. Ìdúró ni Noëlie máa ń wà kà á nínú kíṣìnì mi, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, kí bàbá rẹ̀ má bàa retí i. Nígbà tó yá, ó há àwọn kan nínú wọn sórí.

Lọ́jọ́ kan ó ká lẹ́tà náà, kò sì lọ. Ó ní, “Àǹtí, tó bá jẹ́ pé ọ̀nà yẹn ló fẹ́ràn ńkọ́? Bóyá ọ̀kan lára ibi tó sùn sí lásán ni mo jẹ́.”

Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì já Tanguy sílẹ̀ ní Les Fajoux pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ aṣọ dáadáa, mo mú un lọ bá Urbain. Urbain bu wáìnì fún un, ó gé wàràkàṣì síwájú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló ní ọmọ náà kò ṣẹ òun, ṣùgbọ́n láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń wo àwọn a-fẹsẹ̀-rìn bíi tirẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá, òun ò tíì rí ẹnì kan tó dúró.

Tanguy ní, “Màá dúró, Bàbá. Mo ti kó irinṣẹ́ mi wá.”

Urbain dé ìgò wáìnì rẹ̀. “Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù,” ló sọ, ó sì dìde lọ bá àwọn màlúù rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni Tanguy fi gbé ọ̀dọ̀ mi, ó ń tún òrùlé ṣe káàkiri abúlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ bẹ Urbain. Nígbà kẹrin, ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ó gbà sí mi lẹ́nu díẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà bá Noëlie rin ìrìn ọjọ́ kan péré, láti ẹnu ọ̀nà òun dé Saint-Maurin, kìlómítà mọ́kànlélógún. Tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, òun á ti ní èsì fún wọn. Ṣùgbọ́n òun fúnra òun lòun máa mú ọjọ́ náà. Noëlie gbọ́ ọ, ó fò mọ́ mi lọ́rùn. Inú mi ò dùn tó tirẹ̀. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ti há ọmọ mọ́lé fún ohun tó lé lọ́dún mọ́kànlá á ṣe dédé ní kó jáde.

Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ni Urbain kan ilẹ̀kùn mi. “Òní ni,” ló wí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí kànga tó wà lágbàlá mi. Kùrukùru ti gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Mo ní, “Urbain, kì í ṣe inú èyí.”

“Inú èyí ni, àbí kó má ṣẹlẹ̀ rárá.”

Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi alárinà máa bá wọn lọ. Kò kọ̀. Ó kàn ní kí n wà lẹ́yìn wọn, kí n má dá sí wọn.

Báyìí la ṣe gbéra. Àwọn méjèèjì wà níwájú, Tanguy pẹ̀lú báàgì àti ọ̀pá ìrìn rẹ̀, Noëlie pẹ̀lú ìborùn pupa. Kùrukùru ti là díẹ̀ nígbà náà, mo sì fi bí ogójì ìṣísẹ̀ jìnnà sí wọn. Bí a ti kọjá géètì tí ilẹ̀ Cayrol parí sí, mo rí Noëlie tó dúró, tó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Tanguy na ọwọ́ sí i, ó dì í mú, wọ́n sì kọjá. Mo ń gbọ́ ohùn wọn nígbà mìíràn. Noëlie ń bi í léèrè bí òkun ṣe ń dún, Tanguy ń fi ẹnu ṣe é, Noëlie ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Mo gbàgbé ẹ̀rù.

Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, ọ̀nà kọjá láàárín pápá tó tẹ́jú jù. Àmì pupa àti funfun tí wọ́n kùn sára òkúta nìkan lèèyàn fi ń mọ ibi tó ń lọ. Mo gbójú sókè láti wá àwọn ọmọ mi, mo sì rí wọn. Ẹ̀yìn mẹ́ta ni mo rí.

Mo dúró. Mo tún un kà. Báàgì Tanguy nìyẹn, ìborùn pupa nìyẹn, níwájú wọn ni ẹnì kẹta wà, ó wọ kóòtù tó ní fìlà, ó ń rìn bí ẹni tó mọ̀nà, kò yára, kò dúró. Mo sọ fún ara mi pé a-fẹsẹ̀-rìn ni, wọ́n pọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n kò gbé ẹrù kankan sẹ́yìn. Kùrukùru pa dé, nígbà tó fi máa là, àwọn méjì péré ló kù.

Láti ìgbà náà ni etí mi ti là. Mo gbọ́ agogo ọrùn màlúù lápá òsì, ó ń dún jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n ti kó gbogbo màlúù sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè. Mo tún gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Bí mo bá dúró, á dúró. Bí mo bá rìn, á rìn. Mo pe ẹni náà pé ta ni, kò dáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ yẹn, orí òkè yìí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n mo fi eré díẹ̀díẹ̀ kún ìrìn mi títí mo fi lé wọn bá, mo sì ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, kí wọ́n jẹ́ ká jọ máa lọ. Mi ò sọ òótọ́ fún wọn.

Ní ọ̀sán, a dé ahéré olókùúta kan tí àwọn darandaran máa ń ṣe wàràkàṣì sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti ṣófo. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a gé búrẹ́dì, a jẹ sọ́séèjì gbígbẹ. Ibẹ̀ ni Tanguy ti sọ ohun tó yẹ kó ti sọ tipẹ́. Ó ní ìyá òun kọ̀wé, pé bí òun bá gbé ìyàwó sórí òkè màlúù, ìyá òun ò ní í fẹsẹ̀ tẹ ibi ìgbéyàwó náà. Ó ní àbúrò bàbá òun sì ti fẹ́ fi ilé ìkankọ̀ rẹ̀ lé òun lọ́wọ́, ó ń retí èsì láti oṣù kẹjọ.

Noëlie gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. “Láti oṣù kẹjọ. Kí lo sọ fún un?”

“Mi ò tíì sọ nǹkan kan.”

“O ò sọ pé rárá.”

“Noëlie, mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni náà.”

Kò bínú lóhùn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́ pé bàbá òun kò parọ́ nígbà náà, pé ẹni tó bá fẹ́ dúró kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní àárín fún oṣù méjì. Ó dìde, ó so ìborùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tanguy fẹ́ dìde. Èmi ni mo fọwọ́ dá a dúró. Mo ní, “Jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀ ná. Kò lè jìnnà.” Títí dòní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi máa ń tutù.

Tanguy jókòó fún bí ìṣẹ́jú kan. Ojú rẹ̀ wà lára ìborùn pupa tó ń parẹ́ lọ. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Àǹtí, ta ni Noëlie ń tẹ̀ lé?”

Mo wò ó. Kóòtù tó ní fìlà náà wà níwájú Noëlie, bí ogún ìṣísẹ̀. Báyìí tí kùrukùru là díẹ̀, mo mọ àwọ̀ rẹ̀: ewé tútù, pẹ̀lú àbùlẹ̀ dúdú ní ìgúnpá ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ mi ni mo fi lẹ àbùlẹ̀ yẹn fún àbúrò mi. Èyí tó burú jù ni pé wọn kò sí lójú ọ̀nà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n kọrí sí, ibi tí irà wà.

Tanguy ti já báàgì sílẹ̀, ó ti ń sáré. Ó ń pe Noëlie, ó ń pè é bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti inú omi, kùrukùru sì ń gba ohùn náà mọ́ ọn lẹ́nu. Noëlie kò wẹ̀yìn. Mo ń tẹ̀ lé e bí mo ṣe lè ṣe, ilẹ̀ ti ń rọ̀ lábẹ́ mi, omi dúdú ń yọ láàárín koríko. Mo rí ìborùn pupa tó rì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó kúnlẹ̀. Kóòtù ewé tútù náà kò dúró dè é. Ó ń lọ.

Ìgbà yẹn ni ohùn kan ti ẹ̀yìn mi jáde, ohùn ọkùnrin, ó gbóná, ó ya.

“Zélie. Zélie, dákun, padà wá.”

Ọkùnrin náà kọjá lára mi bí afẹ́fẹ́. Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin tó wà níwájú dúró. Mi ò ní í parọ́ fún yín pé mo rí ojú rẹ̀, kùrukùru kò jẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ó yípadà. Ó yí gbogbo ara rẹ̀ sí wa, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n èémí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà kò sí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́ bí kò ṣe funfun.

Tanguy ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí irà, ó na ọ̀pá ìrìn rẹ̀ sí Noëlie, tó ti wọlẹ̀ dé itan. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ pé kó má ta, kó kàn dì í mú, pé òun ò ní í jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkùnrin tó pe Zélie náà fi wá dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, tó di kókósẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Urbain ni. Látàárọ̀ ló ti ń tẹ̀ lé wa.

Nígbà tí wọ́n fà á jáde tán, Noëlie ń gbọ̀n. Ó ní òun rí ẹnì kan tó mọ̀nà níwájú òun, òun sì rò pé kí òun kàn máa tẹ̀ lé e. Òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Noëlie. Òun gbọ́ ẹni tó pe màmá òun, ló jẹ́ kí òun dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ì bá ti gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú sínú irà.

Inú ahéré yẹn ni Urbain ti sọ ọ́ fún wa, ó ń wo ilẹ̀. Kò sí ọ̀dọ́ màlúù kankan lọ́dún yẹn. Òun àti Zélie ló jà lójú ọ̀nà, lórí ọ̀rọ̀ tí òun ò tiẹ̀ rántí dáadáa mọ́. Zélie bínú lọ síwájú. Òun ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú kùrukùru, òun ní kó máa lọ, inú rẹ̀ á rọ̀. Òun ò pè é. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́ fún ọlọ́pàá. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí kùrukùru bá ti bo òkè, òun máa ń rí ẹ̀yìn yẹn níwájú òun, òun kò sì ní ìgboyà láti pè é.

Ó wá kọjú sí Tanguy. “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ máa pe tìẹ. Ìdí tí mo fi mú ọjọ́ òní nìyẹn. Mo rò pé mo máa sún mọ́ yín tó. Mi ò sún mọ́ yín tó.”

Noëlie ló dìde, tòun ti ẹrẹ̀ lára, tó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀. Tanguy fi aṣọ òtútù rẹ̀ bò ó, ó sì sọ fún un níwájú wa pé rárá ni èsì òun fún àbúrò bàbá òun, pé ẹ̀rù ìyá òun ló ń ba òun, pé kó má bínú. Noëlie ní òun ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi délé.

Lọ́jọ́ kejì ojú ọjọ́ là. Urbain mú àwọn ọlọ́pàá àti panápaná lọ sí ibi tí obìnrin náà ti yípadà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i, nínú irà dúdú tí kì í jẹ́ kí ohun tó bá rì sínú rẹ̀ jẹrà, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ àti àbùlẹ̀ mi. Ọ̀gá wọn bọ́ fìlà, ó wá sọ fún wa. Urbain béèrè ibi tí Zélie kọjú sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ọ̀gá náà, ó ní kó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí apá ìlà oòrùn, sí ìhà Les Fajoux. Ó ní bí ó ṣe wà, ó dà bíi pé apá ibẹ̀ ló ń bọ̀.

“Ó ń padà bọ̀ ni,” Urbain wí. Ó jókòó sínú koríko tútù.

Noëlie wà lọ́wọ́ mi, ó ń sunkún. Tanguy lọ jókòó ti bàbá náà. Mo rò pé Urbain kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, àfi ìgbà tó sọ̀rọ̀.

“Tanguy,” ló wí, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dárúkọ rẹ̀ nìyẹn, “àwọn ará etí òkun yín, kí ni wọ́n máa ń jẹ níbi ìgbéyàwó?”

Tanguy ní ìyá òun ti kọ̀ láti wá.

“Á wá. Èmi ni màá kọ̀wé sí i.”

Orí tábìlì mi ló ti kọ ọ́, ọkùnrin tí kò kọ lẹ́tà rí láyé rẹ̀. Odindi ọ̀sán ló fi kọ ọ́, ó ya ìwé mẹ́rin dànù, kò sì jẹ́ kí n kà á. Ìyá Tanguy kò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi rí. Oṣù karùn-ún ló sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Les Fajoux, ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbéyàwó. Ọ̀dọ̀ Urbain ló kọ́kọ́ rìn lọ, kó tó kí ọmọ rẹ̀, ó sì gbá a mọ́ra.